Màmá Nọ́ọ̀sì Dáhùn: Ṣé Kọ̀ǹpútà Ló Fẹ́ Fọ́ Mi Lójú?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Under-G níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Tí àsìkò prójẹ́ẹ̀tì bá dé, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ojú ń ta mí bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́, omi ń dà níbẹ̀, orí a sì máa fọ́ mi nírọ̀lẹ́. Lẹ́tà ojú fóònù náà ti ń ṣe bàìbàì, àfi tí mo bá nà án jìnnà. Ẹni ọdún 43 ni mí. Ẹnìkan fẹ́ ta awò tó ń dènà iná kọ̀ǹpútà fún mi ní 18,000 náírà. Mo ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú ní kẹ́místì. Ó ń tù mí, ṣùgbọ́n ìrora náà ń padà wá. Tólú ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 kì í gbójú kúrò lára fóònù. Ṣé kọ̀ǹpútà yìí ò ní fọ́ mi lójú báyìí? — Ìyá Tólú

ÌDÁHÙN: Ìyá Tólú, ẹ kú làálàá o. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, mi ò rí ẹni tí iná kọ̀ǹpútà fọ́ lójú rí. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn tí mo rí tí ojú wọn fọ́, nǹkan mìíràn ló fà á, màá dé ibẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, ìṣẹ́jú. Ojú tí à ń ṣẹ́ ni àwọn baba wa fi sọ àsìkò lórúkọ. Ẹni tó jókòó tó ń tàkúrọ̀sọ a máa ṣẹ́jú bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà lè má ṣẹ́ ẹ ju ìgbà 5 sí 7 lọ. Bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tí ìpéǹpéjú bá padé ló ń fi omi tẹ́ẹ́rẹ́ nu ẹyinjú. Tí kò bá nù ún, ojú á gbẹ, á máa ta. Títa yẹn náà ló ń fa omijé tí ẹ̀ ń rí. Fáànù tó kọjú sí yín nínú ṣọ́ọ̀bù ń dá kún un, ìgbà ọyẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí fáànù síbòmíì. Ẹ gbé ojú kọ̀ǹpútà wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ máa wò ó láti òkè, torí ojú tó là gbàgà ló ń tètè gbẹ.

Iṣan kékeré kan tún wà nínú ojú tó máa ń sún kì tí a bá ń wo nǹkan ìtòsí. Wákàtí 14 yín yẹn, ẹrù ló ń rù láìsọ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ohun tó jìn sí yín tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ì báà ṣe ọlọ́kadà tó dúró lódìkejì títì, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́jú dáadáa nígbà náà.

Ti fóònù tí ẹ ń nà jìnnà, ọjọ́ orí ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, awò tí Ọlọ́run dá sínú ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìyá tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí náà ò ní lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Awò ìkàwé lásán ló ń yanjú ìyẹn. Ẹ fi 18,000 náírà yín sápò: lọ́dún 2023, àwọn olùṣèwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 17 jọ lórí awò tó ń dènà iná aláwọ̀ búlúù tó ń ti ojú kọ̀ǹpútà jáde, wọn ò rí i pé ó dín àárẹ̀ ojú kù ju awò lásán lọ.

Oògùn kẹ́místì yẹn ló ń já mi láyà. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Tí ẹ bá rí dexamethasone, prednisolone tàbí betamethasone níbẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ó ń tuni lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń kán an lọ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè mú kí omi inú ojú máa fún ojú pa títí iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ á fi kú. Glaucoma ni wọ́n ń pe àrùn náà, èyí tó bá sì ti lọ nínú ìríran kì í padà. Ó ń wá fúnra rẹ̀ náà, láìsí oògùn kankan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti tó ogójì ọdún, bíi 5 ló ní in, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Tákìé. Ó máa ń sọ pé iná tẹlifíṣàn ló ń da ojú òun láàmú, èmi náà sì ń sọ pé kó dín wíwò kù. Àṣé glaucoma yìí ni. Kì í dunni, etí ìríran ló ti ń jẹ wọlé. Ìgbà tó ń fara gbá férémù ilẹ̀kùn ní apá òsì ni mo tó mú un lọ, ojú òsì ti lọ. Èmi tí mo ń fa ojú ará ìta là kí dókítà wò ó, mi ò fa ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jẹ́ kí ẹ di gbogbo ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà kí ẹ sì jókòó sílé. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH níbẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú yín, kí wọ́n sì yẹ iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Tí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ti fọ́jú rí, ẹ sọ fún wọn.

Ẹ mú Tólú dání. Ọmọ tó ń wo nǹkan ìtòsí ṣáá, ẹyinjú rẹ̀ lè gùn jù, kó má rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ìta gbangba ló ń dáàbò bò ó jù, bíi wákàtí 2 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi í bóyá ó ń rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì.