Géèmù mi ń fà tìkọ̀tìkọ̀, ṣé kí n ra káàdì gráfíìsì tuntun ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Ọ̀yọ́ níbí ni mo wà, mò ń fi Unreal Engine 5 ṣe géèmù kan, ọjà Akẹ̀sán lálẹ́ ni. Mo gbé fìtílà bí ogún sórí àtẹ àwọn ìyá ọlọ́jà, ó rẹwà gan-an, àmọ́ tí n bá ti ní kí n rìn nínú ẹ̀ báyìí, á máa dúró á máa lọ. Káàdì inú lápútọ́ọ̀pù mi kéré. Ṣé àfi kí n ra òmíì?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó yẹn o. Fíìmù kàtúùnù tá a ń wò, wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí ya àwòrán ẹyọ kan torí wọ́n á ti yà á tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, géèmù ò rí bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń gbá a bá ṣe yíjú báyìí ló gbọ́dọ̀ ya tuntun. Tó o bá fẹ́ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mìlísẹ́kọ́ńdì 16 àti díẹ̀ ló ní fún ẹyọ kan, tó bá jẹ́ 30, ó di 33. Tíṣẹ́ bá ti ju ìyẹn lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

Tẹ stat unit sínú console, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún Unreal, kó o wo àkókò tí Game (ìṣirò géèmù fúnra ẹ̀), Draw (mímúra àwòrán sílẹ̀) àti GPU (káàdì gráfíìsì) ń gbà, èyí tó ga jù ni kó o dojú kọ. Pẹ̀lú fìtílà ogún, mo rò pé GPU ni.

Lumen, ètò ìmọ́lẹ̀ inú Unreal, ló ń jẹ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà ba ara tòmátì, pupa díẹ̀ ta sára ọ̀rá tí wọ́n ta sókè, Lumen ló ń ṣírò ìyẹn, á sì máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Ó dáa púpọ̀, àmọ́ àtẹ ò rìn, fìtílà ò rìn, kí ló dé tá a ó máa tún un ṣírò? Ìyá alámàlà ní Tákíè lọ́dọ̀ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ kì í dúró kí oníbàárà jókòó tán kó tó gbé ẹ̀wà gbẹ̀gìrì kaná, ó ti sè é sílẹ̀, bíbù ló kù. Ohun tí wọ́n ń pè ní bake nìyẹn. Lọ sí Project Settings, Rendering, fi Dynamic Global Illumination sí None, rí i pé Allow Static Lighting wà ní títàn, sọ fìtílà orí àtẹ di Static (èyí tí kì í rìn), èyí tí èèyàn gbé lọ́wọ́ nìkan ni kó jẹ́ Movable (èyí tó lè rìn), lẹ́yìn náà kó o ṣe Build Lighting, kó ṣírò ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀. Preview, ìpele tó yá jù, ni kó o kọ́kọ́ lò o, torí èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Production, èyí tó pẹ́ jù, iná lọ lóru, bátìrì kú, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Tí ògiri bá ní àbàwọ́n dúdú lẹ́yìn ẹ̀, wo lightmap UV, ìyẹn bí wọ́n ṣe tẹ́ ara ògiri sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí aṣọ kí ìmọ́lẹ̀ tá a ti ṣírò lè bọ́ sí i, ó lè jẹ́ pé àwọn apá ẹ̀ gorí ara wọn.

Tí ò bá tíì tó, tẹ r.ScreenPercentage 50. Ojú ẹ̀rọ 1920 sí 1080 ní píksẹ́ẹ̀lì 2,073,600, á wá máa ya ìdajì ìbú àti ìdajì gíga ẹ̀, ìyẹn 518,400 péré, kó tó fẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ara pátákó lè ṣú díẹ̀ ṣá.

Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kílẹ̀ máa mọ́ kó máa ṣú nínú géèmù yẹn, bake ò lè ṣe ìyẹn, ìgbà yẹn la ó sọ̀rọ̀ káàdì. Ṣe eléyìí ná, kó o tún tẹ stat unit, kó o fi nọ́ńbà GPU ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí ránṣẹ́ sí mi.