Òwe tí ẹ pa mọ́ Ruth Dreifuss kò bá a mu

Ẹnì kan béèrè ìdí tí Ruth Dreifuss fi ṣe ààrẹ Swítsàlandì fún ọdún kan péré. Ìbéèrè gidi ni. Èsì tí wọ́n fún un ló bí mi nínú: wọ́n ní ṣe ni wọ́n yọ obìnrin náà, wọ́n wá fi "ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá" tì í lẹ́yìn. Ta ló yọ ọ́? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti sọ òwe di iyọ̀ tí ẹ ń bù sí gbogbo ọbẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu bàbá bàbá mi, ọba tó bá wàjà ló ń kó ìgbà tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ tẹ̀ lé e á mú tirẹ̀ dé, ojú ìlú á sì yí padà. Ní Swítsàlandì, èèyàn méje ló jọ ń ṣèjọba. Àwọn aṣòfin ló ń yàn wọ́n fún ọdún mẹ́rin, kálukú sì ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń darí. Àárín wọn ni ipò ààrẹ ti ń yí kiri lọ́dọọdún. Alága ìpàdé ni ààrẹ ọ̀hún, kò lè lé ìkankan nínú àwọn mẹ́fà yòókù. Bí ẹ bá ní dandan ẹ máa pòwe, "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ló sún mọ́ ọn.

Ẹ wo ọdún 1999 tí Dreifuss jẹ́ ààrẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé tó ti ń darí láti 1993 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ètò owó fún àwọn abiyamọ tó ń jà fún dé iwájú ará ìlú, wọ́n sì fi ìbò dà á nù. Ètò ààrẹ fúnra rẹ̀! Kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì ní kó máa lọ. Nígbà tí 2000 wọlé, Adolf Ogi bọ́ sórí àga, Dreifuss ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí di ìparí 2002. Ìgbà ta ló wá yí padà níbẹ̀?

Bí Dreifuss ṣe wọ àárín àwọn méje yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ máa bi mí. Ní oṣù kẹta 1993, Christiane Brunner ni ẹgbẹ́ òṣèlú tí òun àti Dreifuss jọ wà fà kalẹ̀, àwọn aṣòfin wá lọ yan ọkùnrin, Francis Matthey. Inú bí àwọn obìnrin, wọ́n tú síta ní Bern, ìlú tí ìjọba wọn wà. Matthey ní òun ò ṣe mọ́, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò yan Dreifuss.

Ní ti yíyọ, láti 1848, mẹ́rin péré nínú gbogbo àwọn tó ti wà lára àwọn méje náà ló fẹ́ padà tí àwọn aṣòfin kọ̀ láti tún yàn. Christoph Blocher ni ìkẹrin, ní 2007. Dreifuss kò sí níbẹ̀.