Ilé Àtijọ́ àti Owó Orí: Má Tíì Yọ Fèrèsé Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ilé àtijọ́ kan ní Baltimore ní $180,000. $30,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni ìsàlẹ̀, yàrá ni òkè, mo sì fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ háyà. Mo ti ya $200,000 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Kọ́ńtírákítọ̀ mi fẹ́ yọ àwọn fèrèsé onígi, kó fi oníke rọ́pò wọn. Ẹnì kan wá ní ìjọba ń fún ẹni tó bá tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ní ẹ̀dínwó owó orí. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú oríire ilé. Kọ́kọ́ pe kọ́ńtírákítọ̀ yẹn pé kó sinmi ná.

Òótọ́ ni. 20% owó àtúnṣe ni, kìkì fún ilé àtijọ́ tó ń mówó wọlé. Tí o bá kó sókè lọ máa gbé, apá ibẹ̀ ti jáde. Wọn kò ní kà á lé ọ lọ́wọ́ o. Inú owó orí tí ò ń san fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ sí, ọdún márùn-ún ni òfin 2017 sì pín in sí. $200,000 rẹ á bí $40,000, ìyẹn $8,000 lọ́dún. Owó tí o fi ra ilé kò sí nínú ìṣirò yìí, ibi ìgbọ́kọ̀sí náà kò sí níbẹ̀.

Láàárín oṣù 24, ìnáwó rẹ gbọ́dọ̀ ju iye ilé fúnra rẹ̀ lọ. Yọ ilẹ̀ kúrò, ó ku $150,000. O ti kọjá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọjá á, wọ́n á kun ilé, wọ́n á pààrọ̀ páànù, wọ́n á ní ó tán.

Ṣùgbọ́n pé ilé gbó nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú National Register of Historic Places, ìyẹn ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ orúkọ àwọn ibi àtijọ́ tó ṣe pàtàkì sí, tàbí kó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé tó gbé iyì àdúgbò kan tó wà nínú rẹ̀ ró. Maryland Historical Trust, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé àtijọ́, ni kí o lọ bá; ọwọ́ wọn ni fọ́ọ̀mù ń gbà dé National Park Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fọwọ́ sí i. Béèrè ẹ̀dínwó ti ìpínlẹ̀ náà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Apá mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà: Part 1 ń sọ̀rọ̀ ilé, Part 2 ń sọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, Part 3 di ẹ̀yìn iṣẹ́. Títí wọn ó fi fọwọ́ sí Part 2, ìṣó kan ò gbọdọ̀ wọ ògiri. Ya fọ́tò gbogbo kọ̀rọ̀ ilé báyìí.

Fèrèsé wàyí. Èyí tó bá ṣe é tún ṣe, tún un ṣe. Èyí tó bá ti jẹrà kọjá àtúnṣe, tuntun rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ ọ́, títí kan bí wọ́n ṣe fi igi pín gíláàsì rẹ̀. Odidi iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, nítorí náà fèrèsé ike lè ba ti gbogbo ilé jẹ́. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n yanrìn sára bíríkì láti fọ̀ ọ́: ó ń bó awọ rẹ̀, omi á wá ráyè wọlé. Ìnira ni òfin yìí lójú kọ́ńtírákítọ̀. Lójú tèmi, ó gba bíríkì là.

Ibi tó ń dun àwọn oníṣẹ́ oṣù nìyí: tó bá jẹ́ pé owó ilé lásán lò ń gbà níbẹ̀, IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ti dé iye ẹ̀dínwó tí o lè lò lọ́dún kan mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní ìpele owó orí 22% kò ní lò ju nǹkan bíi $5,500 lọ, ìyókù á dúró de ọdún mìíràn. Tí owó tó ń wọlé fún ọ bá kọjá $200,000, ó tún ń dín kù, ó sì ń tán ní $250,000. Lọ bá akáǹtáǹtì tó ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Tí o bá tà á kí ọdún márùn-ún tó pé, wọ́n á gba nínú ẹ̀dínwó náà padà. Bó bá jẹ́ owó ilé yẹn lo fẹ́ fi kọ́ ti Ìjẹ̀bú, ó di ẹ̀yìn ìgbà náà.