Ṣé mo lè fi igbá àti owó ẹyọ màmá mi ṣe àwòrán etíkun?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Iléèwé ọmọ mi obìnrin ní kí wọ́n fi ohun àlòkù àti ohun tí wọ́n bá ṣà létíkun ṣe àwòrán òkun tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri. A ti lọ Margate, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, a ti ṣa ìkarahun àti igi tí omi gbé wá. Mo wá rántí pé igbá fínfín kan àti owó ẹyọ díẹ̀ tí màmá mi fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n, mo ní kí n fi sí i kí iṣẹ́ tiwa lè yàtọ̀. Góòmù wo ló ń mú ìkarahun dáadáa? Ṣé kí n kun igbá yẹn ní búlúù? Ìyá Ire ni.

Ìyá Ire, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ọ̀dà kan igbá yẹn, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n fún àkọ́bí mi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tíṣà ní kí wọ́n mú nǹkan tí wọn ò lò mọ́ nílé wá. Igbá tí màmá mi dì fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, orí wọ́dúróòbù ló máa ń wà torí mi ò fẹ́ kó fọ́, ọmọ wá rò pé a ò lò ó mọ́. Ó mú un lọ, ó kùn ún ní búlúù, ó lẹ ìkarahun yí etí ẹ̀ po, ó da iyanrìn sí ìdí ẹ̀, ó fi páálí gé ọkọ̀ ojú omi kékeré sí àárín. Iléèwé gbé e kọ́ títí wọ́n fi gba ìsinmi, ọmọ yìí bá fi bébà dì í, ó ní màmá àgbà lòun máa gbé e fún tí a bá délé ní Kérésì, kò jẹ́ kí n rí ohun tó wà ńbẹ̀.

Pálọ̀ màmá mi ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó rẹwà o, mi ò ní purọ́. Màmá tú bébà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò wá ara ẹ̀ kiri, torí ọ̀dà kì í dí ojú fínfín tán. Wọ́n dúró lójú kan, wọ́n ní "alángbá nìyí", wọ́n sún ọwọ́, "ejò nìyí, ẹyẹ nìyí", wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọmọ mi pé igbá yìí wà lára èyí tí wọ́n fi ru ẹrù ìyàwó àwọn wọ ilé bàbá wa, wọ́n ń sọ ọ́ lọ ràì, ọmọ náà ò sì gbọ́ ìkankan. Ó ń wo ẹnu màmá, ó ń wò mí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní wọ́n ní ó dára, wọ́n ní o ṣé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gbé ẹ̀bùn wá tayọ̀tayọ̀, kí lẹ bá ní kí n sọ fún un?

Màmá ò bínú. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wá ìṣó, wọ́n gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá wa, ibẹ̀ ló ṣì wà. Tí wọ́n bá pariwo mọ́ mi ni, ǹ bá mọ̀ pé ó ti tán. Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìíní 2020, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù pé ibi tí wọ́n ti ra àwọn igbá yẹn nìyẹn, wọ́n bá ní "igbá òkun yẹn ṣì wà o." Títí dòní mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ, mi ò sì lè bi wọ́n.

Àwọn èèyàn á ní ṣebí èmi ni mi ò sọ Yorùbá sí i. Ṣíìfù alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn, bàbá wọn ń ṣe tọ̀sán, tíṣà tún pè wá pé ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i nílé kó má baà rẹ̀yìn, a sì gbọ́ tiwọn. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa, ọwọ́ ẹ̀ dá, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹrù ìyàwó yẹn, ẹnu màmá ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Owó ẹyọ, ó bójú mu nínú àwòrán òkun, torí òkun ló ti wá lóòótọ́, Maldives ni wọ́n ti ń kó o wá láyé àtijọ́, wọ́n tún ń kó o láti ìhà Zanzibar nígbà tó yá. Ẹ ṣáà wo ẹ̀yìn èyí tí màmá fún yín. Tí wọ́n bá ti fọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ó lè jẹ́ owó tí àwọn àgbà ná ni, ogójì ogójì ni wọ́n máa ń sín in sókùn, 20,000 ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹ má lẹ ìyẹn mọ́ nǹkan kan, ẹ ra tuntun, kò wọ́n.

Igi yẹn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀ kí iyọ̀ lè jáde, kó wá gbẹ dáadáa. Tí nǹkan bá ṣì ń gbé inú ìkarahun, ẹ dá a padà sí òkun. Tí ẹ bá fẹ́ lo pátákó páléètì, ẹ wo òǹtẹ̀ ara ẹ̀: HT, iná ni wọ́n fi sè é, ó dáa, MB, kẹ́míkà olóró ni wọ́n fín sí i, kò gbọ́dọ̀ wọlé yín rárá. Òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́, ẹ ka pátákó tó wà létíkun kẹ́ ẹ tó kó o, torí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1949 lórí ààbò etíkun fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti ní kí ẹnikẹ́ni má kó o. Góòmù funfun tó fún iyanrìn, èyí gbígbóná ni kẹ́ ẹ lò fún ìkarahun, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ dì í mú.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra góòmù, ẹ pe màmá yín lálẹ́ òní. Ẹ gbé igbá yẹn síwájú kámẹ́rà, kí Ire jókòó tì yín, kí màmá sọ ohun tó wà lára ẹ̀, kí ẹ máa túmọ̀ ẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kódà kó ti rẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kùn ún, ẹ kùn ún. Tí wọ́n bá ní rárá, pátákó páléètì ti tó.