Ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi ń ṣí kíláàsì físíìsì àti kẹ́mísírì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ físíìsì àti kẹ́mísírì ni mí nílé ìwé girama ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. SS1 àti SS2 ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ sì lé ní 70 nínú kíláàsì kan. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwa olùkọ́, wọ́n ní ká máa fi ìbéèrè kékeré kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́ kí ọpọlọ àwọn ọmọ lè jí. Mo ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́ tán, kí n tó máàkì, ogún ìṣẹ́jú ti lọ nínú ogójì. Àwọn tó máa ń mọ̀ ọ́n náà ló ń dáhùn, àwọn yòókù á máa yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì wọ́n. Irú ìbéèrè wo ló yẹ kí n máa bi wọ́n? Ṣé kí n máa mú un látinú ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá ni? Ṣé kí n máa fún wọn ní máàkì? Ilé ìwé wa ò ní owó fọ́tòkọ́pì, iná kì í sì í sábà sí.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́. Ẹni tó bá ti dúró níwájú àádọ́rin ọmọ rí nínú yàrá kan kò ní bi yín pé kí ló ń rẹ̀ yín.

Máàkì ló ń jẹ yín lákòókò. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Nítorí ẹ̀yin olùkọ́ la ṣe ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè yìí: ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà lórí wọn kí ẹ tó kó ẹ̀kọ́ tuntun lé e. Bí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á jí i wò, ìdáhùn tí ẹ óò sì máa kà á jẹ́ ti àwọn ọmọ mẹ́rin márùn-ún tó mọ̀wé jù. Kí wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tó bá ṣì í níbí kò pàdánù nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń yan ìbéèrè rèé. Kí n tó kọ ọ́, mo máa ń bi ara mi pé: bí ìdajì kíláàsì bá ṣì í, kí ni màá ṣe lónìí tí n kò bá má ṣe tẹ́lẹ̀? Bí n kò bá rí èsì kankan, mo jù ú nù. “State Newton’s second law” kò lè yege níbẹ̀. Ọmọ tó ti há a sórí á kà á jáde bí ẹni ń ki oríkì, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ó yé e tàbí kò yé e.

Ẹ wo èyí, tó bá kẹ́mísírì SS1 mu. Omi ń hó lórí iná. Àwọn nǹkan róbótó ń rú láti ìdí ìkòkò wá sókè. Kí ló wà nínú wọn? A, afẹ́fẹ́. B, háídírójìn àti ọ́síjìn. C, omi fúnra rẹ̀ tó ti di gáàsì. D, ooru lásán.

Kò sí ọmọ tí kò tíì rí omi tó ń hó, síbẹ̀ ẹnu máa yà yín. Ọmọ tó mú B rò pé bí omi ṣe ń hó ni mólékù rẹ̀ ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ kọ́ ọ nípa physical change àti chemical change kò tíì wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ka ìtumọ̀ méjèèjì fún yín lórí ahọ́n. Ọmọ tó mú D ń wo ooru bí ohun kan tó ní ara, tó lè gba àyè. Ti A tiẹ̀ ní òótọ́ díẹ̀ nínú: àwọn róbótó kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú omi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń hó kùtùkùtù, omi ni. Ẹ yin ẹni tó mú A, kí ẹ sì bi í pé afẹ́fẹ́ mélòó ló lè wà nínú ìkòkò kan tí yóò máa rú jáde títí omi á fi gbẹ.

Bí àwọn tó mú B bá pọ̀, ẹ ti rí iṣẹ́ yín fún ọjọ́ náà. Ẹ rán wọn létí electrolysis bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, níbi tí a ti ń fi iná mànàmáná pín omi sí méjì lóòótọ́, tí háídírójìn ń jẹ́ ìlọ́po méjì ọ́síjìn, kí ẹ wá ní kí wọ́n sọ ìdí tí iná ìdáná kò fi lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tó mú kí ìbéèrè yìí níláárí ni pé àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi ìdáhùn burúkú mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó lè gbà gbọ́ yí ọ̀kan tó dára ká, kò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Ó wá ku bí ẹ óò ṣe rí ìdáhùn àádọ́rin ọmọ láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìka ọwọ́ ni. Ìka kan fún A, méjì fún B, mẹ́ta fún C, mẹ́rin fún D. Kí wọ́n gbé ọwọ́ sí àyà, kó má ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí gbogbo wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá ka “ení, èjì, ẹ̀ta.” Ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè rí àyà ẹni tó wà níwájú, ẹ̀yin tí ẹ dúró níwájú sì rí gbogbo wọn. Ẹ ò nílò kí ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú yín á ti sọ fún yín bóyá púpọ̀ gbà á, bóyá díẹ̀ ni.

Bí gbogbo wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, ẹ sọ ìdáhùn, kí ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ díẹ̀ péré ló gbà á, ẹ tún un kọ́. Bí wọ́n bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni ibi tó dùn jù. Ẹ má tíì sọ ìdáhùn. Ẹ ní kí oníkálukú wá ẹnìkan nítòsí rẹ̀ tó na ìka tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, kó gbìyànjú láti yí i lérò padà fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún na ìka. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí olùkọ́ púpọ̀ ń lò láti nǹkan bí 1991. Àbá tí wọ́n sábà máa ń dá ni pé kí àwọn tó gbà á lákọ̀ọ́kọ́ wà láàárín nǹkan bí 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí àríyànjiyàn náà tó lè so èso. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye nǹkan láàárọ̀ yìí ṣì rántí ohun tó ń dà á láàmú níbẹ̀ lánàá. Àwa tó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jà á. Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìwé kan ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè abínibí nínú kíláàsì, èmi ò fara mọ́ ọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC ń béèrè, nítorí náà nígbà tí ìjà bá parí, kí ẹnìkan dìde sọ ìdáhùn náà ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó pé, kí àwọn tó kù kọ ọ́ sínú nóòtù.

Ní físíìsì, èyí tí mi ò ní fi sílẹ̀ fún SS2 ni ti bọ́ọ̀lù. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè tààrà. Nígbà tó dé òkè pátápátá, kó tó máa bọ̀ wálẹ̀, mélòó ni acceleration rẹ̀, ìyẹn bí eré rẹ̀ ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan? Ẹ fi òdo sí i, ẹ fi 10 m/s² sókè sí i, ẹ fi 10 m/s² sísàlẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ á na ìka sí òdo, torí bọ́ọ̀lù náà ti dúró. Ẹ má ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ kan kọ ọ́ sójú pátákó pé a jù ú pẹ̀lú eré 20 m/s, kí wọ́n sì máa pe eré rẹ̀ fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: 20, 10, 0, −10, −20. Ẹ wá bi wọ́n pé ibo ni 10 tó ń yọ níbẹ̀ ti sinmi? Kò sinmi níbì kankan. Bí eré bá di òdo tí acceleration náà sì di òdo, bọ́ọ̀lù á so rọ̀ sójú ọ̀run títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kẹ́mísírì ní tirẹ̀ tí kò ná wa ní kọ́bọ̀, tó sì ń gba ọmọ là nínú ìdánwò práktíkà. Ẹ ya ara búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ tí a fi ń wọn omi nínú titration, sójú pátákó, kí ẹ kọ 23 sókè, 24 sísàlẹ̀, kí ẹ fi ilà kéékèèké pín àárín wọn sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ẹ wá ya ìsàlẹ̀ omi tó tẹ̀ náà sí ilà kẹrin láti ara 23. Mélòó ni? 23.40 cm³ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ojú rẹ̀ ti mọ́ silíńdà tí a fi ń wọn omi, tí nọ́ńbà ibẹ̀ ń pọ̀ bó ṣe ń lọ sókè, á ka ilà mẹ́fà láti ìsàlẹ̀, á sì kọ 24.60. Àwọn kan á kọ 23.4, wọn ò sì mọ̀ pé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojú àmì ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn nínú titration. Ẹ yí ibi tí omi wà padà, kí ẹ tún bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lemọ́lemọ́ ní SS1 kò ní máa gbọ̀n nígbà tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì gidi, ì báà jẹ́ pé mẹ́ta péré ló wà ní láàbù yín.

Íntánẹ́ẹ̀tì kún fún ìbéèrè báyìí, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń pè é ní bell ringer. Ẹ lè mú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ aṣọ yìnyín àti máìlì kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọ kíláàsì. Ohun tó wà nílé tó. Báàgì píọ̀ wọ́tà tí ọ̀rá 20 wà nínú rẹ̀, tí ọ̀rá kan jẹ́ 50 cl: agbára mélòó ní Newton lẹ fi ń gbé e nílẹ̀? Kílò 10 ni omi náà, ó tó 100 N, ọmọ tó ń sọ pé “10” kò tíì ya mass kúrò lára wíwúwo. Tàbí: kí ló dé tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ kó tó jinná ní Jos ju Èkó lọ? Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ tó tẹ omi lórí kéré níbẹ̀, omi sì ti ń hó ní nǹkan bí 96°C. Tàbí: kí ló dé tí omi àmù fi ń tutù nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ? Tàbí ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀: gáàsì wo ló ń pa àwọn tó sùn síbẹ̀, kí ló sì dé tí òórùn kankan kò jí wọn? Èyí, ẹ rí i dájú pé gbogbo ọmọ ló bá ìdáhùn rẹ̀ dé ilé. Carbon monoxide ni, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀.

Ní ti ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá, ó dára, pàápàá fún SS3, torí ìbéèrè A dé D 50 ló wà nínú Paper 1 físíìsì àti ti kẹ́mísírì. Ẹ mú ọ̀kan péré lójúmọ́. Èyí tó jẹ́ ìṣirò gígùn, ẹ gé e kù: ẹ má ní kí wọ́n ṣírò ó, ẹ ní kí wọ́n sọ fọ́múlà tí wọ́n máa lò, tàbí kí wọ́n sọ bóyá ìdáhùn á pọ̀ sí i tàbí á dín kù bí a bá sọ ooru di ìlọ́po méjì.

Ẹ má sì máa béèrè ohun àná nìkan. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló mókè. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lẹ ń wọ kíláàsì kan, kí ọ̀kan jẹ́ ti iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kí ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ọ̀kan ti ẹ̀yìn wá, látinú táàmù tó lọ pàápàá.

Láti má fi àkókò kọ̀wé sójú pátákó, ẹ kó kàlẹ́ńdà àtijọ́ jọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì fẹ̀. Ẹ fi máákà kọ ìbéèrè sí i ní ilé, kí kápútẹ́ẹ̀nì kíláàsì gbé e kọ́ bí olùkọ́ tó ṣáájú yín bá ti ń jáde. SS1A lò ó, SS1B á lò ó, lọ́dún tó ń bọ̀ ó ṣì wúlò. Ẹ kọ sí igun rẹ̀ iye tó ṣì í àti ìka tí wọ́n nà jù.

Bí ọ̀gá ilé ìwé tàbí àwọn tó ń wá bẹ̀ yín wò bá béèrè ibi tí èyí wà nínú lẹ́sìn nóòtù, abẹ́ “Entry Behaviour” ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ìbéèrè ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ óò ṣe bí wọ́n bá ṣì í.