Èsì: Windows XP nínú VirtualBox

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ètò ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù yín kò ṣiṣẹ́ lórí Windows 10, ẹ sì fẹ́ gbé XP (Windows àtijọ́) sínú VirtualBox, ìyẹn ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Mẹ́mọ́rì 512 MB tó fún un. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù tó kọ 0x0000007B, ẹ wo Storage nínú Settings VirtualBox, ẹ yí SATA padà sí IDE (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà so mọ́ dísìkì ni wọ́n), torí XP kò mọ SATA látilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó débi íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ déédéé dúró. Ní Network, ẹ yan "Not attached". Kí ẹ tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ kankan, ẹ ya Snapshot, ìyẹn ẹ̀dà ipò tí XP wà lásìkò náà, tí ẹ lè padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Òun ló yọ mí lọ́jọ́ tí XP tèmi kọ̀ tí kò ṣí mọ́.