Kí Ni Wọ́n Fi Ń Wọn Sẹ́ẹ̀lì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní mìlímítà ti tóbi jù láti fi wọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín tó para pọ̀ di ara ohun alààyè, kí wá ni wọ́n ń lò?

Ìdáhùn: Máíkírómítà ni o. Tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà 1 orí rúlà ọmọ yín sọ́nà 1,000, ìkan nínú ẹ̀ nìyẹn. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà: ti bakitéríà ò ní núkílọ́ọ̀sì, ìyẹn apá inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò ju máíkírómítà 1 sí 5 lọ, tèèyàn, tẹranko, tewéko, títí dórí yíìsì búrẹ́dì ló ní núkílọ́ọ̀sì, àwọn yẹn sì sábà máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó bíi máíkírómítà 7 sí 8, òun tiẹ̀ ti ju núkílọ́ọ̀sì ẹ̀ nù kó tó dàgbà, ẹ ò rí nǹkan! Ẹyin inú obìnrin tó bíi máíkírómítà 100, agbára káká lojú lásán fi lè rí i.